Owó Àyẹ̀wò fún Àwọn Ọmọ Wa tí Ń Wá Ìtàn Nínú Ilẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Igbó-Elérin)

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ ohun tí àwa lè ṣe fún ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò; bí a bá ní kí a mú gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa níhìn-ín. Nítorí náà ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a ó mú, ẹ̀ka tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Òun ni ọ̀rọ̀ owó tí a fi ń yẹ àwọn ohun tí a hú jáde nínú ilẹ̀ wò, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wá oyè gíga nínú ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn tí wọn kò rí owó náà san. Èrò wa kò ju èyí lọ: bí àwa fúnra wa kò bá san owó àyẹ̀wò yìí, ẹlòmíràn ni yóò máa san án, ẹni tí ó bá sì ń san án ni yóò máa yan ìbéèrè tí a ó bi ilẹ̀ àwọn baba wa.

ÌTÀN ẸNU ÀTI ÌTÀN INÚ ILẸ̀

Ẹ wo orúkọ ìlú tí a jókòó sí yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ Igbó-Elérin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ igbó ni, ó sì mọ̀ pé erin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, láti ìhín dé Ìbá, dé Okokomaiko, dé Ọjọ́, ilé àti ọjà àti ọkọ̀ ni ó gba ilẹ̀ kan. Erin kò sí, igbó pàápàá di àwátì. Orúkọ nìkan ni ó kù tí ó ń jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí rere sì ni orúkọ, ṣùgbọ́n kò lè ka ọdún fún wa. Ìgbà wo ni igbó náà hù? Irú igi wo ni ó wà nínú rẹ̀? Ìgbà wo ni ènìyàn kọ́kọ́ ti àdá bọ̀ ọ́ láti dá oko? Àwọn baba wa kò fi èyí sínú oríkì, nítorí kì í ṣe irú ohun tí à ń kì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ fi í pamọ́. Ní Ahanve, ní ìhà Àgbádárìgì, ní etí òkun kan náà tí ó nà dé ọ̀dọ̀ wa, a fi irin gún ilẹ̀ akúrọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, a sì fa ẹrẹ̀ rẹ̀ jáde ní ìpele ìpele. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí ó ti rì sínú ẹrẹ̀ náà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, nítorí lẹ́búlẹ́bú igi púpọ̀ ní ìrísí tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n fi hàn pé àwọn igi inú ẹrẹ̀ omi iyọ̀, àwọn tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ alákàn, ti kún ibẹ̀ rí, pé ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ojú ọlọ́gbọ́n ni ó mọ igi náà. Ṣùgbọ́n iye ọdún, ilé àyẹ̀wò ni ó sọ ọ́. Bí kò bá sí ilé àyẹ̀wò, ohun tí a ó lè wí kò ju pé “láyé àtijọ́” lọ, bí ẹni ń pa àlọ́.

A kò sọ èyí láti rẹ ìtàn ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, wọ́n kó òkúta méjìlá láti inú odò náà, kí àwọn ọmọ wọn lè bèèrè ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Òkúta wà, ẹnu sì wà láti sọ ìtumọ̀ òkúta. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín arọ́kìn àti awalẹ̀pìtàn.

OHUN TÍ ÀYẸ̀WÒ JẸ́

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé irú àyẹ̀wò mẹ́ta.

Èkíní ni ti ọjọ́ orí ohun tí ó ti ní ẹ̀mí rí. Ní 1949, Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà fi ọ̀nà rẹ̀ han ayé. Gbogbo ohun abẹ̀mí, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ẹran, ni ó ń gba irú kábọ̀nù kan sára níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè. Bí ó bá kú, gbígbà dópin, èyí tí ó ti gbà a sì máa dínkù. Ní nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Ní 5,730 ọdún mìíràn, ìdajì èyí tí ó ṣẹ́kù á tún lọ. Ẹni tí ó bá lè wọn ohun tí ó kù nínú èédú ààrò àtijọ́ lè ṣírò ìgbà tí igi náà kú.

Èkejì ni ti amọ̀ tí iná ti sun. Láti ọjọ́ tí ìkòkò ti jáde nínú iná ni ó ti ń kó agbára tí ó ń tinú ilẹ̀ wá pamọ́ sára. Bí a bá tún mú un gbóná nínú ilé àyẹ̀wò, á tú agbára náà sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Ọ̀nà yìí ni a fi mọ ọjọ́ orí àwọn kan nínú àwọn ère onídẹ Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nítorí pé amọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi mọ inú ère kù sínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti èròjà: kí ni ó wà nínú irin yìí, kí ni ó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ilẹ̀ wo ni amọ̀ yìí ti wá? Àwọn ẹ̀rọ kan wà lónìí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ líle họ ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lára ìlẹ̀kẹ̀, tí wọn á sì ka gbogbo èròjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò ní fọ́, ojú kò sì ní rí ibi tí a họ.

Iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ọkọ́ àti agbọ̀n nìkan. Wọ́n ń béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye àti ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń lò ó, owó ni a sì fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa tí a ń wàásù ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ nígbà ìkórè, pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òun náà ni kẹ̀kẹ́ ìmọ̀ yìí.

Ẹ̀KỌ́ TÍ IFẸ̀ KỌ́ WA

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, “Kí ni àyẹ̀wò yìí tilẹ̀ ti ṣe fún Yorùbá rí?” Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀, orírun wa, kí a lè dá a lóhùn.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó rí orí amọ̀, ó rí orí idẹ, ó sì rí àwọn ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú ní Igbó Olókùn. Ẹwà ohun tí ó rí yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú kan tí àwọn Gíríkì ń sọ nínú ìtàn wọn pé òkun gbé mì. Kí ni a ní ní ọwọ́ láti fi dá a lóhùn ní ọjọ́ náà? Ẹnu wa nìkan ni, wọn kò sì ka ẹnu wa kún ẹ̀rí.

Ní 1938, bí àwọn kan ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n kan àwọn orí onídẹ tí òkìkí wọn kàn dé gbogbo ayé. Àwọn òyìnbó ń pè wọ́n ní “bronze”, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irin náà wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ idẹ, àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Ìbòjú tí a ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn tí ń da irin yóò sọ fún yín pé kìkì bàbà ṣòro dà ju idẹ lọ. Àyẹ̀wò yìí fi kún ọlá àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀, ó sì fi hàn pé ahọ́n Yorùbá tí ń wí pé “idẹ” súnmọ́ òtítọ́ ju ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lọ.

Ṣùgbọ́n ti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ga jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń sọ pé gíláàsì tí a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti òkè òkun tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá wá, àti pé bí àwọn ará Ifẹ̀ bá tilẹ̀ ṣe ohunkóhun, yíyọ́ ni wọ́n tún un yọ́. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Thilo Rehren tẹ ìwé kan jáde tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ọmọ Nàìjíríà kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Yunifásítì Rice ní Texas, wa ilẹ̀ Igbó Olókùn fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ tí ó parí ní 2015. Nínú ihò díẹ̀, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì tí ó lé ní 800.

Bí iṣẹ́ náà bá dúró níbẹ̀, a ó ti ní àpò ìlẹ̀kẹ̀, àríyànjiyàn yóò sì máa lọ bí ó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ sí abẹ́ ẹ̀rọ ní Field Museum ní Chicago. Ìwé tí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti Lárúbáwá mu, kò sì bá ti Íńdíà mu. Iyanrìn àti òkúta irú èyí tí ó wà ní àyíká Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n sì ti rí irú gíláàsì kan náà ní Gao ní ilẹ̀ Mali, èyí tí ó fi hàn pé ọjà Ifẹ̀ dé etí aṣálẹ̀. Sẹ̀gi tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Àwọn àgbà tí wọ́n fi orúkọ Olókùn, olówó orí ìlẹ̀kẹ̀, pe igbó náà ti sọ fún wa láti ìgbà pípẹ́. Ilé àyẹ̀wò ni ó mú kí ayé gbà á gbọ́.

Ẹ kíyèsí ohun kan níbẹ̀. Igbó náà, ti Ifẹ̀ ni. Ọmọ náà, ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n yunifásítì tí ó gbé e dúró àti ẹ̀rọ tí ó ka èròjà, Amẹ́ríkà ni méjèèjì wà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lọ sí Texas ńkọ́?

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA WÁ LẸ́SẸ̀

Ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Thurstan Shaw dé Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960. Láti àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sì ti dúró ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó wà ní Nsukka, ó wà ní Zaria pẹ̀lú. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ wa ń wọlé síbẹ̀ láti wá oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń ṣe ìtọ́jú àwọn ilé àkójọ ohun àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin 1979. Yóò wá ojú rere baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀. Yóò san owó àwọn tí ń bá a gbẹ́ ilẹ̀, yóò san owó ọkọ̀, yóò bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa kan ilé àyẹ̀wò, àpò ti gbẹ. Èyí ni ibi tí iṣẹ́ ń kú sí.

A mọ ọ̀kan nínú wọn, tí ó gba abẹ́ ọwọ́ wa kọjá nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó lọ sí yunifásítì. Ó di èédú tí ó hú jáde sínú àpò ọ̀rá kéékèèké, ó kọ ọjọ́ àti ìjìnlẹ̀ ihò sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Owó àyẹ̀wò ẹyọ kan ni agbára rẹ̀ ká. Èwo ni kí ó yàn nínú gbogbo wọn? Ó yan ọ̀kan, ó fi ránṣẹ́, ìdáhùn sì dé. Ṣùgbọ́n èédú kan jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ẹ sì mọ ohun tí òfin Mósè sọ nípa ẹlẹ́rìí kan. Ẹ̀ka igi lè ti gbó kí a tó dáná sí i. Òkété lè ti fa èédú láti ìpele òkè lọ sí ti ìsàlẹ̀. Àfi kí èédú mẹ́ta tàbí mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan kí a tó lè gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ọmọ náà gba oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kún fún “ó ṣeé ṣe” àti “bóyá”, ìlú tí ó wa ilẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ṣé kò sí olùrànlọ́wọ́ rárá? Ó wà. Ní New York, àjọ Wenner-Gren, tí a dá sílẹ̀ ní 1941, ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó iṣẹ́ ìwádìí láìbèèrè orílẹ̀-èdè wọn. Nílé, Ìjọba Àpapọ̀ ní àpò TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹnu tí àpò ìjọba ní láti bọ́ pọ̀. Ní ti òkè òkun, gbogbo ayé ni ó ń du owó náà, ìbéèrè tí ó bá kan gbogbo ayé ni ó sì ń gbégbá orókè níbẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n tẹ Igbó-Elérin dó? Ìbéèrè wa nìyẹn, kì í ṣe tiwọn, a kò sì lè bá wọn jà nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ni. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Kì í sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò ni ó gbọdọ̀ lọ sí òkè òkun. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibùdó ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ó lè ka èròjà àpáàdì àti irin. Ní Zaria, ilé iṣẹ́ átọ́míìkì kékeré kan tí a ṣí ní 2004 lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí èédú, Áfíríkà ti ṣe é rí: Cheikh Anta Diop dá ilé àyẹ̀wò kábọ̀nù sílẹ̀ ní Dakar ní àwọn ọdún 1960, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ kò lè bá ẹlòmíràn jiyàn lórí ìwọ̀n. Bí owó bá ń wọlé déédéé fún iṣẹ́ àyẹ̀wò nílé, ẹ̀rọ wa yóò rí iṣẹ́ ṣe, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì kọ́ bí a ti ń lò ó.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ YÓÒ KỌMINÚ

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa ènìyàn, ọ̀nà kò dára, ọmọ kò rí ìwé rà. Ṣé èédú ni ó kàn? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n a kì í nítorí ebi ṣíwọ́ òkú ṣíṣe. Nígbà tí àgbàlagbà bá kú, a ń pa màlúù, a ń dá aṣọ ẹbí, a ń pe onílù. Kò sí ẹni tí yóò bá wa wí. Ọlá òbí ni. Ilé àyẹ̀wò ń gba ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lórí èédú ẹyọ kan, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí owó màlúù kan lónìí. A ń pa màlúù fún òkú àná. Ṣé ó pọ̀ jù kí a pa ẹyọ kan lọ́dún fún òkú ìjẹta, àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó tí a kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sùn sí?

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nínú yàrá ni a sì ń sọ ọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àyẹ̀wò lè tako ìtàn tí a fi jókòó lórí oyè. Bí ilé àyẹ̀wò bá sọ pé ìlú tí ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n jẹ́ àbúrò ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà ńlá Ẹrẹdò Sùngbọ́ gùn ju 160 kìlómítà lọ. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì tó 20 mítà. Àwọn kan ń sọ pé Bílíkísù Sùngbọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ni Ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì. Kò sí àyẹ̀wò kan tí ó gbé yàrà náà dé ayé Sólómọ́nì. Ó kéré sí i ní ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Àwa tí a ń ka Bíbélì lórí àga ìwàásù mọ̀ bí orúkọ Ṣébà ti dùn mọ́ ni tó. Ṣùgbọ́n kí ni Ìjẹ̀bú pàdánù? Bí a bá mú Ṣébà kúrò, yàrà náà kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n, lábẹ́ àṣẹ àwọn olórí tiwọn, gbẹ́ ohun tí ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá rẹ̀ yóò ṣí fìlà fún. Ọlá tí ó jẹ́ ti ẹni sàn ju ọlá tí a yá lọ.

Nítorí náà a kò gbọdọ̀ san owó fún ìdáhùn tí ó dùn mọ́ wa nìkan. Ẹni tí ó bá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ó sì ní kí ó má sọ àrùn òun, owó rẹ̀ ti ṣòfò. Ọ̀rọ̀ oyè ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀, ó ní àwọn afọbajẹ tirẹ̀; èédú kì í fi ọba jẹ, kì í sì í rọ ọba lóyè.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

A ń bẹ ẹgbẹ́ yìí kí ó dá àpò kan sílẹ̀ fún owó àyẹ̀wò, kí ó má ṣe é fún ohun mìíràn. Bí 200 ọmọ ẹgbẹ́ bá ń dá 5,000 náírà lọ́dún, ó di 1,000,000 náírà. Kò lè wa ilẹ̀ Yorùbá já, ṣùgbọ́n ó lè mú kí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò ní “bóyá”. Bí ẹgbẹ́ ìlú mìíràn bá rí i, wọn yóò ṣe tiwọn; àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àwọn ìlànà tí a rò pé ó yẹ nìwọ̀nyí:

Èkíní, kí owó má gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Ilé àyẹ̀wò ni kí a san án fún, lẹ́yìn tí a bá ti rí ìwé olùkọ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ ìjọba, àti ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni ilẹ̀.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi jẹ́ àyẹ̀wò yìí ni yóò dáhùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé fún baálẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì yé òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀rọ ilé bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kí a má gbé e kọjá òkun.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa fi apá kan ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò pamọ́ sílé. Ní 1965, Shaw kan egungun ènìyàn ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìhà Àkúrẹ́, ihò tí àwọn ìwé ń kọ ní Iwo Eleru. Èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn nígbà náà pé ó lé ní 11,000 ọdún. Ní 2011, lẹ́yìn ọdún 46, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò ní ọ̀nà tí kò sí ní ayé 1965. Wọ́n rí i pé ìrísí agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí ó dàgbà jù ú lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń jíròrò lé lórí. Bí a bá ti da egungun náà nù, ta ni ì bá tún bi í ní ìbéèrè?

Ìkarùn-ún, kí èsì àyẹ̀wò padà sílé, kí a kà á sókè ní Yorùbá ní ààfin tàbí gbọ̀ngàn ìlú tí a wa ilẹ̀ rẹ̀, bí ó dùn, bí ó korò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú ìṣirò owó tí a ná, títí dé kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, ìbéèrè kan kù tí ó jẹ́ tiyín nìkan, nítorí ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà. Ní àgbègbè wa yìí, ojoojúmọ́ ni a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó iyanrìn. Àpáàdì tí katakata bá gbé lọ lónìí, owó ẹgbẹ́ kankan kò lè dá a padà lọ́la. Ẹ sọ fún àwọn tí ń kọ́lé pé bí wọ́n bá kan ìkòkò, egungun tàbí ìdàrọ́ irin, kí wọ́n dúró fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí yín. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọjọ́ nítòsí wa láti 1983. Àwọn olùkọ́ ìtàn wà níbẹ̀ tí wọn yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí a pè.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A fi àbá yìí sílẹ̀ níwájú Alága àti Ìgbìmọ̀, a sì bẹ̀ yín kí ẹ mú un wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a lè yan olùtọ́jú àpò náà, kí a sì gba ìdáwó àkọ́kọ́. Tiwa ti wà nínú àpòòwé tí a fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí a tó dìde sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún ilẹ̀ Yorùbá, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní ojú láti rí ohun tí àwọn baba wa fi pamọ́.